Ẹ Ta Desmond Kan Fún Mi

Òkìkíolúwa fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Mo ní kí n fi orúkọ mìíràn bò ó láṣìírí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tó fi orúkọ olórúkọ ṣe yẹ̀yẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi tirẹ̀ pamọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń kà mí, ẹ fa àga yín súnmọ́ tòsí. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó tètè sọ̀ ọ́, kó má lọ jóná nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá gbé e lọ.

Ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀, Adétóun, ló ń bá a tà ní Òkìtìpupa. Wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, glóòbù, páìpù, gbogbo ohun tí àwọn oníná fi ń ṣiṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rò pé ẹ ti ṣìnà ni, nítorí àwọn oníná wa kì í pe nǹkan lórúkọ tí àwọn tó ṣe é sọ ọ́.

"Òkìkí, fún mi ní ìkòkò." Àpótí róbótó tí wọ́n ń rì mọ́ ògiri, tí àwọn wáyà ti ń pàdé, lẹni yẹn ń bèèrè.

"Eyín arúgbó dà?" Fíùsì nìyẹn, nítorí kì í pẹ́ já.

Ẹnu lékèélékèé ni puláyà tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ṣéńjíófà tí wọ́n fi ń yí iná padà, ìyálé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní òun ló ń pinnu ibi tí bàálé máa sùn lálẹ́, bóyá ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni tàbí ọ̀dọ̀ ìjọba.

Òkìkí gbádùn ọ̀rọ̀ yìí dọ́ba. Ẹnu rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ rẹwà, fóònù rẹ̀ sì máa ń ya àwòrán tó mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò. Yóò jókòó sórí káúńtà, yóò gbé nǹkan kan sókè, yóò ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni àwọn oníná ń pe eléyìí?" Yóò wá túmọ̀ rẹ̀, yóò fi àwàdà sí i. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń tẹ̀ lé e láti Àkúrẹ́ títí dé òkè òkun. Àwọn olùkọ́ yunifásítì tó wá ra glóòbù á ní, "Ṣé ìwọ kọ́ ni ọmọ ìyálé yẹn?" Òkìkí á rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ á wú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò rí ìtumọ̀ rẹ̀. Tẹ́sítà, irin pẹ́lẹ́bẹ́ tí iná inú rẹ̀ ń tàn bí wọ́n bá fi kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀, Desmond ni wọ́n ń pè é.

Wọn kì í sì í fi í ṣàwàdà. Kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà, ẹni tó dúró nílẹ̀ máa bi í pé, "Desmond ńkọ́?" Ẹni tó ń gòkè máa ní, "Òun ló ṣáájú." Ìgbà náà ni yóò tó gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá gbé wọn dé Ìlútítun, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ọ̀kankan nínú wọn.

"Ta ni Desmond?" Òkìkí á bi wọ́n.

"Lọ bi ẹni tó ń fẹ́ ọ," ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì kó ọjà wọn lọ.

Ẹni tó ń fẹ́ ẹ ni Jùwọ́nlọ́lá. Oníná ni. Ọkùnrin tí kò lárìíwo, tó bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀, wàá fẹ́ kó sọ ọ́ sókè díẹ̀. Wọ́n ti mú ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá mọ ilé Òkìkí. Ìyá Jùwọ́n ti kú tipẹ́, nítorí náà obìnrin kan láti Ìlútítun ló máa jókòó bí ìyá ọkọ. Ìyé ni Jùwọ́n ń pè é, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá ẹni. Ó ti mú Òkìkí lọ kí i rí. Ìyé dì mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ tó ń rùn fún èéfín púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń yan, pa á lórí, ó ní, "Ìyàwó mi, ìwọ lo máa sin mí."

Òkìkí kò mọ̀ pé ìyá Desmond nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ ṣọ́ọ̀bù ló tún bi Jùwọ́n. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi, o sì ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi?" Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé kò sí ọkùnrin tó ń mú ìbéèrè yẹn jẹ. Jùwọ́n pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé.

"Èmi àti Desmond la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọlápàdé," ó ní. "Òfin ọ̀gá wa ni pé bí wọ́n bá yọ fíùsì láti pa iná, àpò ẹni tó gòkè ló gbọ́dọ̀ wà. Ọjọ́ náà, àpò Desmond ti ya. Ó kó o fún mi. Tẹ́sítà rẹ̀ náà, mo ti yá a, mo fi ń tú nọ́ọ̀tì. Obìnrin onílé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n tan iná fún òun, òun fẹ́ fa omi. Mo rò pé Desmond ti sọ̀ kalẹ̀. Òkìkí, mi ò wòkè. Mo kàn dá fíùsì padà ni."

Òjò ń rọ̀ lórí páánù.

"Ọ̀gá ní ká sọ fún ìyá rẹ̀ pé òòyì ló kọ́ ọ tó fi jábọ́ lórí àkàbà. Ó ní wọ́n máa tì mí mọ́lé bí òótọ́ bá jáde. Ìyé ń bi wá léèrè nípa àpá dúdú tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní irin gbígbóná ni."

"Ìyé?" Òkìkí ní. "Ìyé tiwa?"

Jùwọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi ti bọ́ lójú rẹ̀. "Lẹ́yìn ìsìnkú ló sọ mí di ọmọ. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ jẹun níbẹ̀. Ó ní èmi ni Ọlọ́run fi rọ́pò Desmond fún òun. Mi ò lè jẹ́ kó jókòó bí ìyá ọkọ láìmọ̀. Mo máa sọ fún un kí ọjọ́ náà tó pé, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ẹnu mi nìkan, Òkìkí."

Òkìkí fi ìborùn nu ojú fún un. "Mo gbọ́, olówó orí mi. Kò ní tẹnu mi jáde."

Ó tọkàn wá nígbà tó sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ dùn ún jẹ́ nígbà tí ìdánwò kò tíì dé.

Ìdánwò dé. Ọ̀rọ̀ tuntun ti tán lẹ́nu Òkìkí. Ó tún ìkòkò túmọ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ rí. Ó gbé ìyálé padà, wọ́n ní ó ti sú àwọn. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ní Àkúrẹ́ kọ̀wé sí i lórí fóònù: "Arábìnrin, mo fẹ́ kí o wá sórí ètò mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn oníná ibẹ̀ ń pe nǹkan kan ní Desmond. Kí ni ìtàn rẹ̀?"

Òkìkí gbé fóònù sílẹ̀. Ó tún gbé e. Ó ń bá ara rẹ̀ rojọ́: n kò ní dárúkọ Jùwọ́n. N kò ní dárúkọ Ìlútítun. Desmond mélòó ló wà láyé? Ìyé gan-an, fóònù oní-tọ́ọ̀ṣì ló ń lò, níbo ló ti fẹ́ rí fídíò? Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí.

Ọmọ yìí fi tẹ́sítà há irun bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó jókòó sórí káúńtà. Ó fi orin sí i lábẹ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti ń bèèrè Desmond! Ọmọkọ́ṣẹ́ kan ni Desmond o. Ó gun àkàbà, kò mú tẹ́sítà dání. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ dá iná padà. Desmond bá gbá wáyà mú bí ẹni ń bọ gómìnà lọ́wọ́!" Ó gbọ̀n jìgìjìgì lórí káúńtà láti fi hàn wọ́n. "Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n wá lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òòyì ló kọ́ ọ. Òòyì iná! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí Desmond ṣáájú."

Ó rẹ́rìn-ín sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, fídíò lọ.

Háà, Òkìkí. Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì, tíí ṣe Jímọ̀, tó mọ́ dáadáa, gbogbo Òkìtìpupa ti ń wò ó. Àwọn ọmọ ọlọ́kadà ń gbọ̀n jìgìjìgì ní ìkóríta, wọ́n ń ṣe Desmond. Inú Òkìkí ń dùn, títí tí Mákánjúọlá, àgbà àwọn oníná, fi wọlé. Baba náà kò dáhùn ìkíni rẹ̀.

"Yọ ọ́ kúrò," ó ní.

"Baba, eré lásán ni o."

"Mo ní kí o yọ ọ́ kúrò. A jọ ru òkú ọmọ yẹn ni. O wá fi í ṣẹ̀fẹ̀ lórí káúńtà?"

Adétóun jáde láti ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí. "Kí ló ṣe? Òkìkí, kí lo ṣe?"

Òkìkí yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó ti wà nínú fóònù gbogbo ayé.

Fóònù rẹ̀ dún. Jùwọ́n ni, láti Ìrẹ̀lẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Ṣé lóòótọ́ ni, Òkìkí?"

"Mi ò dárúkọ rẹ. Jùwọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Kò bú u. Ìbá tiẹ̀ bú u. "Mò ń lọ sí Ìlútítun," ó ní. "Bóyá kò tíì gbọ́. Bóyá mo ṣì lè kọ́kọ́ sọ fún un." Ó sì pa fóònù.

Ó gun ọ̀kadà, ó sáré. Kò mọ̀ pé ọkọ̀ tó gbé Ìyé ti kọjá òun lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ ní Òkìtìpupa. Jésùtómi, ọmọbìnrin Ìyé, ń dirun ní Ìlútítun. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń wo fídíò náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbọ́ òòyì. Ó gbọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyé ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù Adétóun nínú aṣọ funfun Aládùúrà rẹ̀, láìwọ bàtà, bó ṣe dìde lórí eékún àdúrà. Jésùtómi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti wú.

Òkìkí kúnlẹ̀. "Ìyé, ẹ káàárọ̀ mà."

"Ẹ ta Desmond kan fún mi," Ìyé ní.

Obìnrin yìí tó ti ń pè é ní ìwọ, tó ń pè é ní ìyàwó mi, òun ló ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ìyé, ẹ jọ̀ọ́..."

"Àbí ẹ ò ní mọ́? Mo gbọ́ pé ibí ni wọ́n ti ń tà á."

Adétóun ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páìpù, ó ń bẹ̀bẹ̀, kò tiẹ̀ mọ gbogbo ohun tó ń torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ìyé kò wo ibẹ̀. Ó na ọwọ́. Òkìkí dìde, ó mú tẹ́sítà kan nínú páálí, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ìyé yí i síhìn-ín, yí i sọ́hùn-ún. "Èyí ni? Èyí tó kéré báyìí? Níbo ló ti ń tàn?"

"Ibí yìí, Ìyé."

"Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ẹ ti ṣàlàyé fún gbogbo ayé."

Òkìkí ń sunkún. "Tí iná bá wà nínú wáyà, ó máa tàn. Tí kò bá tàn, ọwọ́ lè kàn án. Kò séwu."

"Kò séwu," Ìyé ní. "Ká ní èyí wà lọ́wọ́ ọmọ mi, kò séwu." Ó gbójú sókè. "Ọwọ́ ta ló wà lọ́jọ́ náà? Ẹ ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá iná padà. Ọ̀rẹ́ wo?"

Ẹnu tó ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀, Òkìkí fi ọwọ́ bò ó. Àwọn èèyàn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ti gbé fóònù sókè.

Àwọn kan náà ni wọ́n yà fún Jùwọ́n nígbà tó sáré wọlé. Wọ́n ti sọ fún un ní Ìlútítun pé Ìyé ti lọ. Eruku bò ó títí dé ojú. Ó rí Ìyé, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nà gbọọrọ sílẹ̀.

"Ìyé, èmi ni."

"Mo mọ̀," Ìyé ní. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ 'ọ̀rẹ́' nínú fídíò yẹn ni mo ti mọ̀. Ta ni Desmond tún bá ṣe ọ̀rẹ́?"

"Ẹ forí jì mí. Ọ̀gá ló ní..."

"Ọ̀gá yín ti kú. Mo bá wọn sin ín. Gbogbo Sátidé tí o fi ń jẹun níwájú mi lẹ́yìn ìyẹn, ṣé Ọlápàdé ló ń di ẹnu rẹ mú láti inú sàréè? Mo bi ọ́ léèrè àtẹ́lẹwọ́ yẹn. O wojú mi, o ní irin ni."

"Mo fẹ́ sọ fún yín, Ìyé. Ọ̀la tíí ṣe Sátidé ni mo fẹ́ sọ."

"Ọ̀la." Ìyé fi ẹ̀yìn ti káúńtà. Ìgbà náà ni omi tó bọ́ lójú rẹ̀. "Ọma mi, ká ní o ti sọ ọ́, mo máa sunkún. Mo lè gbá ọ létí. Lẹ́yìn náà, mo máa bu oúnjẹ fún ọ, torí ọmọdé ni ìwọ náà nígbà yẹn, o ò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n àárín ẹ̀rín ni mo ti gbọ́ ikú ọmọ mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Jùwọ́n. Wọ́n fi orin sí i."

Ó so tẹ́sítà náà mọ́ etí ìborùn rẹ̀. Ó yọ owó sórí káúńtà. Adétóun ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba owó rẹ̀ padà.

"Rárá o," Ìyé ní. "Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀fẹ́."

Jésùtómi dì í mú, wọ́n jáde. Àwọn tó gbé fóònù sókè rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ìtìjú bá wọn.

Òkìkí di Jùwọ́n lẹ́sẹ̀ mú nílẹ̀ tó wà. Ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orúkọ gbogbo tó mọ̀ ọ́n sí. Jùwọ́n rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ọ̀la ni, Òkìkí," ó ní. "Ọ̀la péré ló kù."

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé, ẹnikẹ́ni ò wá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ ṣì ń pè é, Òkìkí ta fóònù náà.

Àwọn ará Ìlútítun ní gbogbo Sátidé ni Jùwọ́n ṣì ń lọ jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyé. Ìyé máa ń gbé púpurú gbígbóná sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì padà wọlé. Kì í jáde títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, kó sì lọ. N kò mọ ohun tí ẹ lè pe ìyẹn. Bóyá ìdáríjì ló ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkìkí nìkan ni kò sí ẹni tó gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún.

Ó ní kí n sọ fún yín pé òun kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tó ń dun òun jù nìyẹn: òótọ́ ni gbogbo ohun tí òun sọ, àmọ́ kì í ṣe òun ló ni ín láti sọ. Ẹ̀yin tí àṣírí olólùfẹ́ yín wà níkùn yín lónìí, tí ẹnu ń yún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọmọ yìí.

Ó ṣì ń tajà fún àǹtí rẹ̀. Àwọn oníná ṣì ń wá, ṣùgbọ́n ìkòkò ti tán lẹ́nu wọn, ìyálé ti tán. Bí wọ́n bá ti rí Òkìkí, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á fi ìka tọ́ka sí ohun tí wọ́n fẹ́.

Láìpẹ́ yìí ni Jùwọ́n náà wọlé. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ta irú ọjà náà nítòsí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti rù. Òkìkí dìde. Ó ń retí orúkọ Desmond lẹ́nu rẹ̀, kódà bó jẹ́ pẹ̀lú ìbínú ló máa fi pè é.

Jùwọ́n wo àwọn ọjà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò wojú rẹ̀.

"Ẹ káàsán," ó ní. "Ẹ fún mi ní tẹ́sítà kan."